Ìjókòó Mẹ́sàn-án Àwọn Ará Róòmù àti Àga Àǹtí Sikírá

Kettering, Maryland
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé

Àkànní mi, ọkọ mi,

Jókòó kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà yìí, nítorí ó gùn, mo sì mọ̀ ọ́ sí ẹni tó ń ka nǹkan lórí ìdúró nídìí fíríìjì. Pe Kẹ́mi ìyàwó rẹ kó wá jókòó tì ọ́, kí o kà á sókè fún un. Ó máa ń sọ pé òun ń gbọ́ Yorùbá ju bí òun ṣe ń sọ ọ́ lọ, nítorí náà ibi tó bá le nìkan ni kí o túmọ̀. Má ṣe fo ibi tí mo ti bá ọ wí.

Ara mi yá. Orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu ti rọlẹ̀ díẹ̀. Tòmátò tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ti ń pọ́n, èmi àti àwọn àgbọ̀nrín àdúgbò yìí la jọ ń jẹ ẹ́, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Mo gbé tíì mi dání, mo jókòó sídìí fèrèsé, inú mi sì dùn gan-an ni. Ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ wá sí ìlú yìí ló di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ ìyàwó rere, tó tún ra ilé sáàárín igi ní Accokeek. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bí ilẹ̀ ilé yín ṣe fẹ̀ tó, bàbá rẹ ni mo rántí. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá ti gbin àgbàdo síbẹ̀ kí ẹ tó tú ẹrù yín tán.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ̀yin méjèèjì máa gba àlejò fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé yín. Lánàá o fi ìwé ètò ìjókòó ránṣẹ́ sórí fóònù mi, o wá pè mí, o ń rẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì, ẹ bá mi check ẹ̀. Nine people lókè, exactly bí àwọn Romans yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi o!”

Mo wò ó. Lókè, ní yàrá ìjẹun: ọ̀gá rẹ àti ọkọ rẹ̀, àwọn méjì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, bàbá àti ìyá Kẹ́mi, èmi, ìwọ àti Kẹ́mi. Ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn ni àwọn tó ń se oúnjẹ tà máa gbé wá fún wa. Nísàlẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ilé: àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi mẹ́rin, àti Àǹtí Sikírá, obìnrin tó gbà wá sílé nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Písà àti apá adìẹ ni tiwọn. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí Àǹtí Sikírá fi wà nísàlẹ̀.

“Ah, Mọ́mì, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Ó máa comfortable jù níbẹ̀. Couch wà, TV wà. Kò ní máa stress ara ẹ̀ pé òun ń bá ọ̀gá mi sọ grammar.”

Mo ní ó dáa, mo gbé fóònù sílẹ̀. O mọ̀ mí, bí mo bá sọ pé ó dáa kíákíá báyẹn, kò tíì dáa. Mi ò fẹ́ bá ọ jà lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an jù ọ́ lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn fún ọ.

Kẹ́mi, ìyàwó mi, o mọ̀ pé tíṣà Látìn ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn, àti níbí náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ kò lè jẹun tán lọ́dọ̀ mi láìgbọ́ ohun tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń jẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará ilé wa ń jẹ òkété, èmi ni mo ní kó sọ fún wọn pé àwọn ọlọ́lá Róòmù máa ń sin eku nínú ìkòkò, wọ́n á bọ́ ọ títí yóò fi sanra, wọ́n á wá fi oyin pa á lára kí wọ́n tó gbé e síwájú àlejò. Ó lọ sọ ọ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ kan sì bì. Tíṣà rẹ̀ pè mí lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ó dáa, ìmọ̀ràn mi rèé.

Ìkínní, oúnjẹ tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ fún àlejò. Àwọn ará Róòmù ní omi ẹja kan tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀. Wọ́n á po ẹja àti ìfun rẹ̀ mọ́ iyọ̀, wọ́n á gbé e sóòrùn títí yóò fi rà. Òórùn rẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í dùn lẹ́nu wọn láìsí i, bí irú ṣe rí fún àwa náà. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tiwa ní Cheverly, mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ̀wé. Mo ra ìgò omi ẹja kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà, mo da ìdajì rẹ̀ lé adìẹ lórí pẹ̀lú oyin, mo tì í sínú ààrò. Ẹni tó ń gbé òdìkejì wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kí òun pe àwọn tó ń tún ilé ṣe, pé ó jọ pé ẹranko kan ti kú sínú ògiri. Kẹ́mi mọ ẹ̀gúsí sè ju èmi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Baltimore ni wọ́n bí i sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín jẹ ẹ̀gúsí. Ohun tó bá jẹ́ tiyín kì í dójú tì yín bí ohun tí ẹ yá lò.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí àlejò gbé oúnjẹ lọ sílé. Mo máa ń ṣakọ lórí èyí nígbà kan. Bí mo bá ti rí obìnrin tó ń ṣí báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi, ojú mi á le. Mo ti gbàgbé ohun tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ: àlejò Róòmù a máa mú aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀ wá láti ilé, bó bá sì ń lọ, yóò di ẹran tó kù sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bú u. Ẹ ra ike tó ní ìdérí sílẹ̀. Ẹ fún wọn kí wọ́n tó béèrè.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti tọkọtaya. Ìyàwó ará Róòmù a máa bá ọkọ rẹ̀ jókòó níbi àsè, ojú àlejò sì máa ń wà lára àwọn méjèèjì. Bàbá rẹ ní ìtàn ajá dìgbòlugi kan tó lé e gun igi ní Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ kan, lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn, mo ní, “Bàbá Túnjí, ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé o.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bẹ ọkùnrin náà kó tó bá mi sọ ju “káàárọ̀” lọ. Báyìí mo lè fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo tòmátò mi kí n lè gbọ́ ìtàn ajá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí Kẹ́mi bá tún ìtàn kan náà sọ, rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Kẹ́mi, ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí ó ti jogún àìsàn yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọtí. Àwọn ará Róòmù a máa bu omi gbígbóná lú wáìnì, ẹni tó bá mu ún láìlú ni wọ́n ń kà sí ará oko. Mi ò ní kí ẹ lú ti ọ̀gá yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í mu ọtí lára àlejò yín, kí omi èso tirẹ̀ wà nínú ife dáadáa bíi ti ẹlòmíràn, kì í ṣe nínú ike.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Èyí tó kù yìí gan-an ni mo torí rẹ̀ mú bírò.

Òótọ́ ni mo kọ́ ọ pé ẹni mẹ́sàn-án ni. Ibùsùn mẹ́ta ni wọ́n ń tò yí tábìlì ká, ẹni mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn á fi ìgbúnwọ́ òsì rọ ìrọ̀rí, wọn á máa fi ọ̀tún jẹun. Àyè kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n iyì tirẹ̀. Ẹni tó ga jù a sún mọ́ onílé kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó kéré a wà ní ìdí. Bí o bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, o ti mọ ohun tí onílé kà ọ́ sí. Ìyẹn ni mo kọ́ ọ, o sì gbà á dáadáa.

Èyí tí mi ò tẹnu mọ́ tó ni pé àwọn onílé kan wà tí wọ́n máa ń gbé oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn tó jókòó sí àsè kan náà. Ẹja ńlá fún ọlọ́lá, ẹja wẹ́wẹ́ fún tálákà tó ń wá kí onílé láràárọ̀. Wáìnì tó dáa fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé, kíkan fún ẹni tó wà ní ìdí, tí ojú wọn sì ń rí ara wọn. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn mọ̀ pé ìwà yìí kò dáa, àwọn kan nínú wọn sì bínú sí i gan-an. Mo fi èyí kọ́ ọmọ púpọ̀ ní Ìbàdàn. Mo máa ń gbé ohùn sókè, mo máa ń bi wọ́n pé ọmọlúàbí wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkànní, èmi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kẹ́mi, o mọ Àǹtí Sikírá sí màmá ọlọ́yàyà tó máa ń pe ọkọ rẹ ní “ọmọ mi”. Jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ. Nígbà tí èmi àti Túnjí ọkọ rẹ nìkan dé, ẹni tó yẹ kó gbà wá sílé kò gbé fóònù. Mo bá Sikírá pàdé ní ibi ìfọṣọ ní Cheverly, mo ń fi èdè wa bá ọmọ mi wí, ó gbọ́ ọ, ó sì yíjú sí wa. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, yàrá kan ṣoṣo ló ní. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún wa, òun ń sùn lórí àga gbọọrọ. Oṣù mẹ́wàá! Òun ló ń mú Túnjí lọ síléèwé nínú yìnyín. Kì í ṣe ẹ̀sìn wa, kì í ṣe ará ìlú wa, ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ, ló bá ń pè mí ní Ìyá Túnjí, ó ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo ríṣẹ́ tíṣà. Mo gba ilé, mo sì ní mo fẹ́ se àsè bíi ti Róòmù. Mo pe ọ̀gá iléèwé wa àti ìyàwó rẹ̀, tíṣà mẹ́ta, dókítà kan àti ìyàwó rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, àti àlùfáà wa. Èmi ni ẹnì kẹsàn-án. Mo tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ yí tábìlì kékeré ká. Ẹyin la fi bẹ̀rẹ̀, èso ápù la máa fi parí, bí ìwé ṣe wí. Ọjọ́ adìẹ olómi ẹja nìyẹn. Nígbà tó bàjẹ́, Sikírá ló ṣí gbogbo fèrèsé, tó se ìrẹsì, tó fi adìẹ mìíràn se ọbẹ̀ ata, tó kó mi yọ kí agogo tó lù. Láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́sẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ léèsì aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó ń dúró kí n fi ibi tó máa jókòó hàn án.

Mo ka tìmùtìmù. Mẹ́sàn-án. Mo ní, “Sikírá, jọ̀ọ́, bá mi wà ní kíṣìn pẹ̀lú Túnjí.” Mo bu ọrùn adìẹ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, nítorí itan ti tán lọ́wọ́ àwọn àlejò. Mo lè fi ọ̀kan kún tìmùtìmù, àbí? Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n mo ti di ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀gá iléèwé wa dìde láti lọ mu omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú torí ìjókòó ilẹ̀. Ó rí Sikírá ní kíṣìn, ó kí i, ó wá bi mí pé ta nìyí. Mo dáhùn, “Oh, she helps me.”

Ó ń ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tí mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Sikírá gbọ́ òyìnbó dáadáa, Àkànní, bó ṣe gbọ́ ọ lónìí náà. Kò wo ojú mi. Ó fọ gbogbo abọ́, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n, ó wé gèlè rẹ̀.

“Ìyá Túnjí, ẹ kú ìnáwó o.”

Ó lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Oṣù mẹ́rin ni kò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mo bá pè é, ó ń dáhùn, ó ń bi mí nípa rẹ, ṣùgbọ́n kì í wá. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, mo wọ̀ ọ́ láṣọ, mo mú ọ lọ síbẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ajá tó jalè. Ilé rẹ̀ kún fún èèyàn láti mọ́sáláṣí. Ó gbé ọ wọlé, ó wò mí, ó sì fà mí lọ́wọ́ wá síbi àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó sọ fún gbogbo wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Tíṣà ni wọ́n.” Inú abọ́ kan náà la ti jẹun. Mo sunkún síbẹ̀ láìtijú.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ìyá Túnjí, ó ti tán. Mo ti forgive yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n Túnjí wà ní kitchen lọ́jọ́ yẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi learn ẹ̀.”

Mo ṣèlérí fún un. Mo dorí kodò lánàá nígbà tí mo rí ìwé ètò ìjókòó yẹn, nítorí ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ kò ní in lọ́kàn láti ṣe é níbi. Èmi náà kò ní in lọ́kàn. Èmi ni mo fi ìjókòó mẹ́sàn-án kọ́ ọ, mi ò sì sọ ìtàn èyí tó ṣe ìkẹwàá fún ọ, nítorí ojú ń tì mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ fún ìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ ra àga kan sí i tàbí kí ẹ yá a. Ẹ sún tábìlì. Kí Àǹtí Sikírá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, níbi tí ọ̀gá rẹ ti máa rí i, nígbà tí ọ̀gá rẹ bá sì béèrè ẹni tó jẹ́, sọ ọ́ fún un ketekete. Ohun kan náà ni kí gbogbo ilé jẹ, àtòkè àtìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọ ẹran dídùn. Bí àyè kò bá wá gbà yín rárá, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbé abọ́ tèmi sí. Mo fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì ní bínú.

Mo fẹ́ fòǹtẹ̀ lé e níbí kí n lọ lé àwọn àgbọ̀nrín, ni fóònù bá dún. Àǹtí Sikírá ni. Ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré bó ṣe máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá ń dùn.

“Ìyá Túnjí, mo ti gba off fún Saturday yẹn o! Supervisor mi ní ṣé mi ò lè shift ẹ̀, mo ní rárá, ọmọ mi ló ń ṣe dinner. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ọ̀gá ẹ̀ gan-an? Mo fẹ́ máa practice ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó di pé ọmọ mi ò ní family tó mọ èèyàn kí.”

Mo sọ orúkọ náà fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì í pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ ibi tí wọ́n fi àga rẹ̀ sí fún un. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ, Àkànní. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ náà ni, wa mọ́tò rẹ lọ sílé rẹ̀ ní Cheverly, kí o sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń gbàdúrà fún ilé yín láràárọ̀,

Àbẹ̀kẹ́